Ràṣídátù Gbà Pé Òun Ò Kọ́ Ọmọ

Ọdún tí Ghana gba òmìnira ni wọ́n mú Àrówólò aránṣọ, ọmọ Ràṣídátù ọlọ́ṣẹ ní ọjà Makola ní Accra. Ìgàn aṣọ mẹ́ta ló pòórá ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní àdúgbò Cow Lane. Àrówólò ní òun ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó dáa, aṣọ náà lẹ́sẹ̀.

Ràṣídátù gbà á gbọ́, ìyá ni. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni bí adájọ́ bá dá a lẹ́bi. Ọkàn obìnrin náà dà rú débi pé ó ru ọṣẹ lọ sí Makola, ó tún rù ú padà wálé láì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ọláṣẹ̀hìndé dé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra ni, ó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ sì ni láti wádìí ìgbà èwe ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rúfin, kó sọ ohun tó sọ ọ́ di olè fún adájọ́. Ó ti kà á nínú ìwé kan pé a kì í bí olè, pé ilé tí kò dúró sójú kan ló ń sọ ọmọ di olè. Ìwé náà ò purọ́ fún un rí, bóyá torí pé kò bi í ní nǹkan kan rí.

"Màmá, ta ló tọ́ Àrówólò?"

Inú Ràṣídátù dùn. Adájọ́ wo ni kò ní wojú ẹni tó lẹ́ni lẹ́yìn? "Ọmọ mi, kì í ṣe ọwọ́ kan o! Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ mi. Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Kumasi, ibẹ̀ ló ti kéwú. Àkànkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Abena ará ilé wa fi kẹ́ńkè bọ́ ọ lọ́dún kan gbáko. Ká má déènà pẹnu, bí a bá ka àwọn yòókù mọ́ ọn, ilé méje! Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó."

"Ilé méje," ni Ọláṣẹ̀hìndé wí, ó sì ń kọ ọ́, àánú Àrówólò ṣe é gan-an. Ràṣídátù mọ̀ pé ilé mẹ́rin ni Ọláṣẹ̀hìndé fúnra rẹ̀ gbé kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnikẹ́ni kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ ka ohun tí Ọláṣẹ̀hìndé kọ tán, ó sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọláṣẹ̀hìndé ló ń ṣògbufọ̀, ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀.

"Màmá, adájọ́ ní bó bá jẹ́ òótọ́ pé ọmọ yìí ò rí ẹ̀kọ́ ilé, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Á máa bá yín lọ sílé, èmi ni n ó máa ṣọ́ ọ. Ẹ ṣáà gbà pé ẹ ò kọ́ ọ."

Àwọn obìnrin Makola kún inú kóòtù. Bí wọ́n bá pe Ràṣídátù ní ahun, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ó bí àbíìkọ́? Ó wo ọrùn ọmọ rẹ̀, ó ti gbẹ.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Mo bí i ni, n kò kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ."

Àkànkẹ́ fi gèlè bojú. Adájọ́ mú kálámù.

"Irọ́ ni!" Àrówólò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀, ọlọ́pàá ò tiẹ̀ rí i mú. "Ẹ má fi ìyá mi ṣẹ̀sín! Wọ́n kọ́ mi! Kò sílé tí wọn ò ti nà mí torí olè nínú ilé méjèèje. Àkọ́ọ̀gbà ni mí, n kì í ṣe àbíìkọ́! Èmi ni mo jí aṣọ yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!"

Adájọ́ béèrè ohun tó wí. Ọláṣẹ̀hìndé ṣí ìwé rẹ̀ síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé olè ń dọ̀bálẹ̀. Ó wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án.

Níta, àwọn obìnrin Makola yí Ràṣídátù ká, wọn ò mọ̀ bóyá ẹ kú ìrọ́jú ló yẹ kí wọ́n kí i tàbí ẹ kú oríire. Àkànkẹ́ ló kọ́kọ́ lanu.

"Ràṣídátù, a tọ́ ọmọ yẹn o."

"A tọ́ ọ." Ó ń sunkún, inú rẹ̀ ń dùn, ojú sì ń tì í pé inú òun ń dùn. "Ká ní a ò tọ́ ọ ni, à bá jọ máa lọ sílé báyìí."