Àwọn Tó Ń Wọ́ Ẹsẹ̀

Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin náà ń ṣe. Aṣọ iléèwé ló ń rán láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya aṣọ. Yíya aṣọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí èèyàn bá fi àlùmọ́gàjí gé e, etí rẹ̀ yóò mọ́ jù, kò ní jọ aṣọ ẹni tó ti kú. Òkúta ló máa ń fi ha á títí tí yóò fi gbó, kó tó wá fi ọwọ́ fà á ya níbi tó ti rọ̀.

Bàbá rẹ̀ a máa wò ó láti orí àga.

"Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún kí o máa rán aṣọ, o wá ń ya aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Bàámi, òkú kì í wọ aṣọ tuntun."

"Àwọn òkú tí èmi mọ̀, aṣọ tuntun la fi sin wọ́n."

Aṣọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló ń ya. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n sì fẹ́ràn fíìmù sóńbì, ìyẹn òkú tó jí dìde, tó ń rìn káàkiri, tó sì ń jẹ ẹran ara alààyè. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n a kóra jọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nínú ilé láti wò ó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n a kun ojú wọn funfun, wọ́n a wọ àkísà, wọ́n a sì rìn bí òkú gba òpópónà ńlá kọjá lọ sí pápá ìṣeré, tí èrò yóò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti wò wọ́n. Obìnrin náà ni olórí wọn, Ọ̀gá Òkú ni wọ́n sì ń pè é. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dùn nínú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò rí èsì fọ̀.

Èsì kì í wọ́n àwọn yòókù.

"Sóńbì kì í sáré," ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó wà láàárín wọn máa ń wí. "Ẹ máa rìn lọ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òun kì í sinmi, ẹ̀yin sì gbọ́dọ̀ sùn."

"Ní tèmi o," ni nọ́ọ̀sì máa ń sọ, "ìgbà tí ayé bá bàjẹ́ tán nínú fíìmù yẹn lọkàn mi máa ń balẹ̀. Kò sí ọ̀gá mọ́. Kò sẹ́ni tó máa pè mí pé kí n wá ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì."

Bàbá kò gbà fún wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ bá wọn wo ọ̀kan, ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. "Èyí kì í ṣe akúdàáyà. Akúdàáyà gidi yóò lọ sí ìlú mìíràn, yóò ṣòwò, yóò fẹ́yàwó. Ẹ wo eléyìí: ó kú, kò tún níṣẹ́ lọ́wọ́."

Iléèwé àwọn ọlọ́pàá ni bàbá ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní yíyan. Sájẹ́ńtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà náà, bó bá ń bọ̀ láti ìkángun òpópónà, ìró bàtà rẹ̀ nìkan tó láti pa ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu mọ́. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó fi ẹ̀mí sílẹ̀ fún un, ó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì lọ. Ó ṣì lè rìn, àmọ́ ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ náà tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ láti lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jáde, ó pàdé ọlọ́pàá kan tó ti kọ́ rí. Ọkùnrin náà rí i, ó sì yára gbé ojú sí ibòmíràn. Bàbá mọ̀ pé àánú ni. Láti ọjọ́ náà, kò kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́.

Nígbà tí ìrìn ọdún náà kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wá ṣe ìdánrawò nínú àgbàlá. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń kérora, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Ẹ dúró!"

Ohùn náà ti ojú fèrèsé wá. Gbogbo wọn dúró gbagidi.

"Irú ìrìnkurìn wo nìyí? Ìwọ awakọ̀, ṣé òkú ni ọ́ ni, àbí ọ̀mùtí?"

"Òkú ni mí, sà."

"Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ tó kú kì í dá gbéra nílẹ̀. Ìbàdí ló ń gbé e. Gbé ìbàdí, kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀lé e. Àtàǹpàkò ni kó ha ilẹ̀, kì í ṣe gìgísẹ̀. Gbogbo yín, òsì! Mo ní òsì! Ṣé ẹ ò mọ òsì yín ni?"

Wọ́n tún un ṣe. Ó tún bú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tó gún, nọ́ọ̀sì kígbe sókè: "Sájẹ́ńtì, ẹ kúkú máa bá wa lọ! Ẹ̀yin gan-an ni ojúlówó!"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà, obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ bàbá.

"Màá bá yín lọ lọ́la," ni bàbá wí.

Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti rò ó. Láàárín àwọn èèyàn rẹ yẹn, kò sí ẹnì kan tó ń rìn dáadáa. Bí mo bá wà láàárín wọn, ta ló máa mọ̀ pé èmi ò ṣeré?"

Ó sọ fún bàbá pé oòrùn yóò mú, pé ọ̀nà jìn, pé èrò pọ̀, wọ́n lè tì í ṣubú. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìdí níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń rò, àti ọ̀gá iléèwé tó ń gbé iṣẹ́ fún un. Ó ti ń gbọ́ ohùn wọn: ẹ wo ọmọ tó kun bàbá rẹ̀ aláìsàn lójú, tó fi í ṣe ìran wò.

"Ojú ń tì ọ́," ni bàbá wí.

"Rárá o, Bàámi! Oòrùn ni mo ń sọ."

"Ó dáa."

Ó wí i bí ẹni tí ọ̀gá pàṣẹ fún, ó sì na ẹsẹ̀ kejì sí i.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n dé ìyípo ilé ìfìwéránṣẹ́, Ọ̀gá Òkú yà sápá kan kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kọjá níwájú rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ìlà wọn gún. Wọ́n gbé ìbàdí. Àtàǹpàkò ha ilẹ̀. Apá òsì so kọ́rọ́. Kò sí àṣìṣe kankan. Bàbá rẹ̀ ló ń kọjá lọ nínú ara awakọ̀, nínú ara nọ́ọ̀sì, nínú ara gbogbo wọn, àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́.

Obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe eré. Ó wọ àárín wọn, awakọ̀ sún fún un, wọ́n sì jọ ń lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Màmá, èwo ni tòótọ́ nínú wọn?" ni ọmọ kan bi ìyá rẹ̀.

"Kò sí tòótọ́ níbẹ̀. Eré ni gbogbo wọn ń ṣe."

Ọ̀gá Òkú dá alùpùpù kan dúró. Ọlọ́kọ̀ náà wo ojú rẹ̀ tó kùn funfun.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì wà láyé? Torí n kì í gbé òkú."

"Ẹ máa sáré lọ, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi ni mo fẹ́ lọ gbé wá."

Orí àga ló bá bàbá, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Abọ́ omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi náà ti funfun. Pọ́dà díẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn etí rẹ̀. Orí ibùsùn ni ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá rẹ̀ àtijọ́ wà. Ó ti ya. Obìnrin náà gbé e, ó wo etí aṣọ náà. Wọn ò fi nǹkan gé e: òkúta ni wọ́n fi ha á títí ó fi gbó. Ẹni tí ọwọ́ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún kò lè ṣe iyẹn tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí bàbá tó sọ pé òun máa bá wọn lọ ló ti ń ṣe é.

"Bàámi, ẹ dìde. Wọn ò tíì dé pápá. Alùpùpù wà níta."

"Mo ti bọ́jú."

"Màá tún un kùn fún yín."

"Rárá. Ìgboyà tí mo fi kùn ún láàárọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pọn sínú ìkòkò." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nu ẹ̀yìn etí. "Ṣé òsì ni gbogbo wọn wọ́?"

"Òsì ni, Bàámi."

"Awakọ̀ ńkọ́?"

"Òun ló ṣe é dáa jù."

"Ó dáa."

Alùpùpù fọn fèrè. Obìnrin náà jáde lọ sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó máa lọ.

Kí ọdún tó yípo, àìsàn náà padà wá, ó sì mú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Orí àga onítáyà ni bàbá wà báyìí, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìrìn tún kù díẹ̀, awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì wọlé wá bá a.

"Sájẹ́ńtì, a ti fẹnu kò," ni awakọ̀ wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú lọ́dún yìí. Èmi ni màá máa tì yín."

Bàbá wá ọ̀rọ̀ títí ó fi rí i. "Òkú tí wọ́n ń tì... kò lè bani lẹ́rù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Nígbà náà, ká yí ọ̀nà padà," ni nọ́ọ̀sì wí. "A máa gba iwájú ilé yìí kọjá, kẹ́ ẹ lè máa wò wá."

Bàbá mi orí. "Wíwò kọ́. Rírìn ni mo fẹ́ rìn."

Awakọ̀ yíjú sí obìnrin náà. "Ọ̀gá Òkú, ṣé Bàbá ti fẹ́ bá wa rìn rí ni?"

"Lọ́dún tó kọjá," ó dáhùn. "Èmi ni mo ní kó má lọ."

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá tó ti yọ̀ ṣubú padà sórí irin àga. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ti ń dúró dè wọ́n nínú àgbàlá fún ìdánrawò, àwọn méjèèjì sì jáde lọ bá wọn. Obìnrin náà kò tẹ̀lé wọn.