Ẹyin Lórí Kòkó

Wọ́n kéde pé iná yóò lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ tiransifọ́mà àdúgbò Akíntúndé ní Oǹdó. Ọgọ́rin ẹyin Fọláhànmí, ìyàwó rẹ̀, sì wà nínú ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin di ọmọ adìẹ, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n pa.

"Bàbá Títílọpẹ́, ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ sílé Ọláìtán. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sùn," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹni tó yẹ ààlà ilẹ̀ mi?"

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Akíntúndé ti bá aládùúgbò rẹ̀ yìí sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ń ro ohun tó lè gbóná láìsí iná, ló bá rántí kòkó tó kó sínú agbọ̀n lẹ́yìnkùlé, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan; kòkó tó bá ń kan máa ń gbóná. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó yára fà á yọ. Ó gbé tẹmómítà ẹ̀rọ náà sórí ewé: ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ̀rọ dọ́gba.

Ìyàwó rẹ̀ ka ogójì ẹyin sọ́tọ̀. "Ẹ fi ìdajì dán an wò. Ìdajì tó kù ń lọ sílé Ọláìtán. Ẹyin mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ adìẹ ń ké lórí kòkó. Akíntúndé ka mọ́kànlélógún. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Mélòó ló jáde lọ́hùn-ún? Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Ọláìtán, ó wúkọ́, ó sì béèrè.

"Méjìlélógún," ni Ọláìtán dáhùn. "Wọlé wá kà wọ́n, o ò ní gbà mí gbọ́."

Akíntúndé bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọlé.