Oògùn Tí Mo Ní Kó Lọ Rà

Kó sáà ti tó aago méjì. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn... Kì í ṣe pé kí ara màmá yìí yá, kì í ṣe pé kí ìrora rẹ̀ dín kù. Kó má sáà kú sí mi lọ́wọ́. Kó kú sọ́wọ́ Gbémi, nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí Gbémi nù ún lára, kí Gbémi fi òwú dí i nímú, kí Gbémi fi aṣọ bò ó lójú. Irú àdúrà wo nìyí? Mò ń kórìíra ara mi bí mo ṣe ń gbà á, mi ò sì dákẹ́.

Òórùn yẹn ti tún dé. Egbò jẹjẹrẹ ọmú. Mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mo dì í, mo da dẹ́tọ́ọ̀lù sílẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó ṣì ń rùn. Mo fi rọ́ọ̀bù pa inú ìbòmú mi títí omi fi ń dà lójú mi, ó ṣì ń rùn. Lánàá, mo gbé oúnjẹ sẹ́nu nílé, mo tu ú síta. Ọkọ mi ní ṣé oyún ni. Oyún...

Ọdún méjì gbáko ni màmá yìí fi aṣọ bo ọmú yẹn mọ́lẹ̀ ní Ìbíadé, tó ń yan ẹja, tó ń kí àwọn èèyàn, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bí mi nínú. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó wá lọ́jọ́ Àìkú náà ń bí mi nínú: wọ́n fi áńkáṣíìfù bomú lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé, ẹnìkan wá na fóònù sókè, ó ń ká ìyá arúgbó sínú fídíò. Àwọn ló kó mi nírìíra. Kì í ṣe egbò náà.

Ó mí... ó dúró. Mò ń kà á. Mẹ́wàá. Méjìlá. Ó tún mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù dé orúnkún. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo mọ bó ṣe ń rí. Sístà Ọ̀rẹ́dọlá, ọ̀gá wa, náà mọ̀ ọ́n. Ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀ ni: "Miriam, ṣé o ti rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́?"

Iṣẹ́ yẹn. Kò sí nínú ìwé kankan, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tí aláìsàn bá ti ń lọ, a máa ń kọ orúkọ oògùn kan sínú bébà fún ará ilé rẹ̀, a ó ní kó sáré lọ rà á. Oògùn tí kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Kó tó padà dé, a ti parí, a ti tẹ́ òkú dáadáa, kò ní sí ẹni tó máa ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn yòókù. "Àánú ni," Sístà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débí. Àánú...

Mo kọ ọ́. Mo fún Ṣùkúrát, ọmọ rẹ̀, tó ti ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò mọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí a wà yìí rárá. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tètè. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀: "Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Èmi ni kí n pe kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́ wa, sí wọn létí. Mo ti ṣèlérí fún wọn." Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ó sì pè mí lórí fóònù níjẹta... rárá, kí ló ń ṣe mí, ìdajì wákàtí sẹ́yìn ni. "Nọ́ọ̀sì, mo ti dé ilé oògùn mẹ́ta, wọn ò ní i. Ṣé kí n máa bọ̀?" Kí n ní kó máa bọ̀ — kí ló le níbẹ̀? Mo ní: "Ẹ gun ọ̀kadà, ẹ wò ó ní Ago-Ìwòye." Àkọ́kọ́, Sístà ló ní kí n ṣe é. Èkejì yìí ńkọ́? Ta ló rán mi?

Ariwo ni mò ń sá fún, àbí... Ariwo wo? Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà wo ni Ṣùkúrát pariwo? Inú gèlè rẹ̀ ló máa ń sunkún sí. Kí wá ni mò ń sá fún?

Ọjọ́rú tó kọjá. Mò ń tú egbò, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò mí. Ṣùkúrát rọra gba òwú lọ́wọ́ mi: "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é." Kò bo imú. Ó ń nù ún, ó ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi ẹnìkan tó dojú dé ní Ìbíadé fún ìyá rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wọ́n, wọ́n sì ń wo èmi nọ́ọ̀sì tí mo gbé abọ́ dání. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fẹ́ rí obìnrin yìí sójú.

Ìyẹn ni. Mo lé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ torí pé kò bo imú.

Màmá la ojú. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Láti Ago-Ìwòye síbí ò jìnnà lórí ọ̀kadà. Ó lè bá a láàyè, ó lè má bá a. Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu mi, ó dùn ún gbọ́: ẹ máa bọ̀, a ti rí oògùn náà níbí... Rárá. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ó ń dún. Tó bá gbé e, kí n tètè sọ òótọ́, kó tó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.