Ihò Abẹ́ Fèrèsé Mùjíbátù

Ilé onítáyà ni Mùjíbátù ń gbé, nínú oko ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn Ìrókò. Àwọn tó ń la títì ló lò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wọn parí, ọkọ rẹ̀ rà á, ó ní kí katakata wọ́ ọ wá sí ìdí igi kaṣú. Inú rẹ̀ náà ni ọkùnrin náà kú sí. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ẹbí ti ń sọ pé kí opó padà sí agbo ilé. Mùjíbátù sì mọ̀ pé bí òun bá fi lè kó ẹrù kúrò níbẹ̀, wọn yóò ta oko náà.

Òjò ló fẹ́ bá wọn lé e. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ojú fèrèsé kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Sàníù, àbúrò ọkọ rẹ̀, mú káfíńtà kan wá. Ọkùnrin náà rí ihò kéékèèké lábẹ́ férémù, ó ní ibẹ̀ ni omi ń gbà, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo wọn. Nígbà tí òjò tún rọ̀, omi ò kán mọ́, ó ń dà ni.

Sàníù lẹ́nu dídùn. Ó sọ̀rọ̀ àánú, ó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹbí, kò sì gbé abọ́ gbọn omi. Ó ní bí òjò bá tún wọlé, òun á wá kó ẹrù ìyàwó àwọn fúnra òun.

Mùjíbátù ò bá a jiyàn. Láfún ló ń ṣe tà. Ó bu láfún gbígbẹ, ó fi pa ara ògiri yí fèrèsé náà ká nínú ilé, ó wá bọ́ síta, ó da omi sí i láti òkè. Nígbà tó wọlé padà, láfún òkè fàlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ti ìsàlẹ̀ ti di ọ̀gì. Ó yé e pé òkè ni omi ń gbà wọlé, ihò ìsàlẹ̀ ló yẹ kó máa gbà jáde. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi ọ̀rá wé àpò ẹ̀gẹ́ kó tó gbé òkúta lé e: omi ò ríbi jáde.

Ó gé túùbù ọ̀kadà, ó fi dí ibi tí rọ́bà etí fèrèsé ti sán lókè, ó nu ọ̀gì náà kúrò, ó tún fi láfún gbígbẹ pa ara ògiri. Ó ń fi ìṣó tú àwọn ihò ìsàlẹ̀ nígbà tí Sàníù dé.

“Ìyàwó wa, ilé ń jò, o tún ń lu ú.”

“Èmi náà ni, ọkọ mi. Ẹ wọlé, òjò ti ṣú.”

Sàníù bọ́ bàtà sí abẹ́ fèrèsé níta. Mùjíbátù ní kó gbé e wọlé, ọkùnrin náà ní òun ò ní pẹ́, ẹrù lòun wá kó.

Òjò náà rọ̀ gidi. Sàníù jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ògiri. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ kan ibẹ̀. Láfún gbígbẹ ló bá ìka rẹ̀ wá. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Òjò dá, ó bọ́ síta. Omi ṣì ń ti inú àwọn ihò náà kán, tó, tó, sínú bàtà rẹ̀ tó ti kún dé etí.

“Ibẹ̀ ló ń gbà báyìí,” Mùjíbátù wí láti ojú fèrèsé. “Ẹ bá mi kí wọn ní agbo ilé.”