Ẹ Kọjú sí Òkun

Ó ti sú mi, n kò ní purọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa tọ́jú àgọ́ Mulga Bay nígbà òtútù, ọ̀fẹ́ ni yóò gbé ọkọ̀-ilé rẹ̀ sí etí òkun. Oòrùn yóò máa yá a, yóò sì máa wo àbùùbùtán tó ń fò nínú omi. Kí n tó rí nǹkan kan sọ, Merv ọkọ mi ti fọwọ́ sí i. La bá sá fún òtútù Ballarat ìlú wa, a fa ilé wa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, a wà á títí ìdí wa fi kú, àṣé ṣáláńgá la ń lọ fọ̀.

Kí n tó fẹnu kan tíì láàárọ̀, ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn. "Noelene, ṣé afẹ́fẹ́ yìí máa rọlẹ̀ lónìí?" Ṣé èmi ni mo so afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ ni? Òmíràn á ní ìwé ìnùdí ti tán. Òmíràn á da ìfun ẹja sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, á ní ẹyẹ ló gbé e débẹ̀. Trevor ará Queensland sì ń tọ́jú ajá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajá kò gbọdọ̀ wọ ọgbà yìí. Tí ajá bá gbó, Trevor á ní ikọ́ ló ń ṣe ìyàwó òun.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara mọ́ ọn. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni ìran ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, tí àwọn àlejò bá ń dé, àwọn tó ti dé ṣáájú á gbé àga wọn jáde, tàwọn ti bíà àti wàràkàṣì, wọ́n á tò sí etí ọ̀nà láti wo ẹni tí yóò fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀-ilé rẹ̀ wọ àyè. Iṣẹ́ tó le ni. Tí o bá yí sítíárìn sí òsì, ọ̀tún ni ìdí ilé tí o ń fà máa lọ. Ìyàwó á dúró lẹ́yìn, á máa ju ọwọ́. Ọkọ á máa bú u láti iwájú. Àwọn òǹwòran á máa fún wọn ní máàkì bí olùkọ́. Ta ló sì máa ń jókòó síwájú pátápátá? Merv tèmi ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, láti ìdí ṣáláńgá ni mo ti ń bọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yí gíláàsì ọkọ̀ náà wálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú ibí? Glenys ni mí. Wọ́n ní àyè kẹsàn-án ni tèmi."

"Ẹ káàbọ̀. Noelene ni mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ dé?"

"Èmi nìkan. Colin ọkọ mi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ló máa ń wà á." Ó wo àyè náà, tó há sáàárín igbó àti òpó igi, ó sì wo àwọn tó jókòó tì í. "Látìgbà tí mo ti kúrò ní Adelaide, ibi tí mo bá lè gba iwájú wọ̀, kí n gba iwájú jáde, nìkan ni mò ń sùn sí. Etí títì ni mo sùn lánàá. Brett ọmọ mi ti wá ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀-ilé náà, ọkùnrin yẹn ń dúró ní ìlú Carnarvon. Mo ti sọ fún Brett pé tí mi ò bá lè gbé e wọlé fúnra mi níbí, kí wọ́n wá gbé e."

"Ṣé kí ọkọ mi bá yín gbé e wọlé?"

"Tó bá bá mi gbé e wọbí, ta ló máa bá mi gbé e wọ ibòmíràn?"

Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún un.

Glenys bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn wọ àyè náà. Ìdí ọkọ̀-ilé náà forí lé igbó. Kíá ni Merv dìde. "Ọ̀tún! Ẹ yí i sí ọ̀tún, màdáámù!"

"Ẹ má dá a lóhùn o, òsì ni!" Trevor ló fọhùn.

Ẹlòmíràn ń fi ìgò bíà júwe ojú ọ̀run, bóyá òkè ni kó gbà. Glenys sún síwájú, ó tún fi ẹ̀yìn bọ̀, ó kọlu òpó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹnìkan sì pàtẹ́wọ́. Ni Merv bá lọ bá a lójú fèrèsé.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é. Kò ní pẹ́ rárá."

Mo rí ọwọ́ Glenys tó ń lọ síbi ilẹ̀kùn. Inú bí mi.

"Merv! Kúrò níbẹ̀!"

"Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Noelene, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọmọ tuntun wo? Obìnrin tó wakọ̀ láti Adelaide dé ibí! Ìwọ tó o fi ẹ̀yìn gbé òrùlé ilé wa kọlu ẹ̀ka igi ní Geraldton ńkọ́?"

Ẹ̀rín wá yí sí Merv, ó sì padà sórí àga rẹ̀. Mo dúró sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù yẹ́lò tí wọ́n fún àwa olùtọ́jú àgọ́, mo na búrọ́ọ̀ṣì ṣáláńgá sí wọn.

"Gbogbo yín, ẹ dìde. Ẹ yí àga yín padà. Ẹ kọjú sí òkun."

"Ọgbà ìjọba nibí o," ni Trevor wí. "Kò sófin tó ní ká má wo ọ̀nà."

"Òfin tó wà fún ajá ńkọ́, Trevor? Ṣé ikọ́ ìyàwó rẹ ti ń lọ?"

Òun ló kọ́kọ́ yí àga rẹ̀ padà.

"Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, òun ló máa fọ ṣáláńgá lọ́la!"

Mo gbé àga tèmi náà sáàárín wọn, mo kọjú sí omi. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi. Èmi tí ẹní bá wọ́ nílé onílé, tí ara mi kì í gbà á! Ọrùn ń yún mi. A gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ké, tó dákẹ́, tó tún ké. Igbó ha ara ọkọ̀.

"Ó ti ya sí òsì jù," Merv sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ táyà."

"Má gbọ́ ọ."

Nǹkan kan dún gbì. Gbogbo wa gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yíjú. Bíà tán, kò sẹ́ni tó láyà láti lọ gbé òmíràn. Oòrùn ti ń wọ omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kú, tí kò sì ké mọ́. A ò mọ̀ bóyá ó ti wọlé ni tàbí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ilẹ̀kùn dún, ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí iyanrìn. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ló ń mú bọ̀ wá fún Merv.

Ó kọjá lára wa láìkí ẹnikẹ́ni. Ó gun òkè iyanrìn tó wà níwájú wa, torí orí rẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń mú. Afẹ́fẹ́ òkun sì ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀ wá bá wa.

"Brett? Sọ fún ọkùnrin yẹn kó máa lọ sílé ẹ̀. Mi ò tà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wọlé. Ó wọ́ díẹ̀. Mo ní ó wọ́, kí ló kàn ọ́?" Ó ń gbọ́ tẹnu ọmọ rẹ̀. "Rárá, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló kẹ̀yìn sí mi." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń dúpẹ́. "Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, Brett, títí mo fi ṣe é tán."

Merv tún àga rẹ̀ gbé, ó kọjú sí òkun dáadáa.