Àwọn Ìlà Tó Ń Rìn Kiri

"Màámi, aṣọ mi dà?"

Haleemah dúró gbagidi sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Aké, ó ń wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Aṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Aró ṣì ń kán tótó létí wọn, gbogbo wọn sì dúdú kirikiri.

Ìyá rẹ̀, Sàfúrátù aláró, ń ṣan ọwọ́ nínú bàsíà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ̀nyẹn kọ́ lò ń wò? Dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti bò ọ́ láṣìírí kí Mọ̀nsúrát ẹlẹ́nu-ṣáṣá àdúgbò yìí tó dé."

"Àṣírí wo, Màámi?"

"Ohun tó o yà sára wọn ò jọ ẹyẹ, kò jọ ewé. Gbogbo ìlà ẹ ń rìn kiri bí ọ̀mùtí! Mo ní ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Mo bá tún wọn rẹ sínú aró."

Haleemah ò lè pe ìyá rẹ̀ ní ìkà. Bẹ́ẹ̀ làwọn aláró ń ṣe: aṣọ tí ọnà rẹ̀ bá dàrú, wọn kì í jù ú nù, inú aró ni wọ́n ń dá a padà sí títí àbùkù rẹ̀ á fi pòórá. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà yẹn kì í ṣe àbùkù.

Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun nìkan lọ́mọbìnrin oníhìjáàbù láàárín àwọn ọmọ tó ń gun sìkéètì, pátákó onítáyà, lójú títì Ìbarà. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọ ráàpù, wọ́n ń fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn sára ògiri ní Adìgbẹ. Àwọn àgbà ń pè wọ́n ní ọmọ ìta. Nígbà tó yá, Muideen, tó mọ̀ ọ́n gùn ju gbogbo wọn lọ, ṣubú níwájú mọ́tò, kò sì dìde mọ́. Ẹgbẹ́ tú. Orin kọ̀ lẹ́nu Haleemah, ijó kọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìlà nìkan ló kù. Ó ń fi ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọnú aṣọ, ya ọ̀nà tí táyà Muideen máa ń gbà sórí aṣọ, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń fò: àwòrán tí kò lójú, tí kò nímú.

Òní gan-an ni Tolúlàṣẹ, tó ń ṣètò ìpàtẹ àwòrán kan ní Ìbarà, ń bọ̀ wá kó wọn. Ìpàtẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ Haleemah sí nìyẹn.

Fèrè mọ́tò dún níta.

"Àrẹ̀dú o, Mà!" Tolúlàṣẹ kí aláró bó ti yẹ, kó tó kojú sí okùn. Ó sún mọ́ ọn.

"Haleemah! O ò sọ fún mi pé o ti yí i padà. Èyí mà ju èyí tí mo rí lórí fóònù lọ! Àwọn ará Èkó á ya wèrè. Kí la ó pè é?"

Bí Haleemah bá dárúkọ kan péré fún un, aṣọ náà á wọ ìpàtẹ. Ó wo aṣọ náà, ó ń wá ibi tí Muideen gbà. Kò rí i.

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ Màámi ni. Tèmi ti wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi."

Tolúlàṣẹ mí kanlẹ̀. "Orúkọ ẹ la kọ sílẹ̀, àbúrò. Bí ò bá sí tìẹ, ẹlòmíì ni màá fún láyè." Ó sì lọ.

Haleemah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún. Sàfúrátù jókòó tì í.

"Kí ló wà lára aṣọ yẹn gan-an, ọmọ mi?"

"Muideen ni, Màámi. Bó ṣe máa ń gun pátákó."

"Muideen tó máa ń jẹun nílé wa?"

"Òun ni."

"Yéè!" Ìyá náà káwọ́ lérí. "Mo tún ọmọ ọlọ́mọ sin!"

Ó dìde. Ó wọlé, ó gbé aṣọ òwú funfun jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nà án.

"Ìpàtẹ ti lọ, Màámi."

"Ta ló bá ọ sọ ti ìpàtẹ? Dìde." Ó ń wo àárín aṣọ funfun náà bí ẹni ń wo ojú títì. "Níbo lọmọ náà ti máa ń gbéra?"

Haleemah nu ojú. Ó dìde, ó sì fi ìka kan etí aṣọ náà.

"Níbí."