Ara Tí Kì í Tètè Gbọ́ Ìpè

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìyọkúrò. Ó ti kọ ìṣirò kan sí ojú pátákó, ó sì ti pe ọmọbìnrin kan jáde kó wá ṣe é, nígbà tó rí Nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lápá, láìwọ aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mà. Mo lè dúró."

Ta ló fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wá ká a mọ́ ẹnu iṣẹ́? Obìnrin yìí ló fi ọdún mẹ́rin gbáko fún àbúrò Tíṣà lóògùn kòkòrò HIV. Oṣù mọ́kànlá rèé tí àbúrò náà ti kú, Tíṣà kò sì tíì fojú kan Nọ́ọ̀sì láti ìgbà náà. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èsì ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín ló dé, mà."

"Àbúrò mi wo?"

"Alábẹ́rẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn, nítorí abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi ń di ìwé.

"Alábẹ́rẹ́ ti kú, Nọ́ọ̀sì."

"Mo mọ̀, mà."

"Ó ti kú, ó tún wá ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí Alábẹ́rẹ́ ṣì wà láyé, ó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àwọn dókítà tó ń wádìí ìdí tí sójà ara, ìyẹn àwọn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà, kì í fi í pọ̀ sí i lára àwọn kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí náà ló pẹ́. "Wọ́n bi í pé bí kò bá sí mọ́ nígbà tí èsì bá dé, ta ni kí a sọ fún. Orúkọ yín nìkan ló kọ."

Ó ti dé, ni Tíṣà sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Àṣírí náà ti tú wàyí.

"Ẹ sọ ọ́. Ibo ló ń dà á sí?"

"Kí ni, mà?"

"Oògùn yẹn."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Kò dà á síbì kankan, mà. Ó ń lò ó. Kòkòrò náà ti sùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹfà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jí mọ́. Àwọn sójà ara rẹ̀ ni kò pọ̀ sí i."

"Kí ló ń pa wọ́n, nígbà tí ọ̀tá ti sùn?"

"Ara rẹ̀ ni kò mú tuntun jáde tó. Nǹkan kan wà nínú ara wa tó máa ń ké pe àwọn sójà tuntun pé kí wọ́n jáde. Àbùdá kan wà tí Alábẹ́rẹ́ jogún, òun ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ tètè gbọ́ ìpè yẹn. Mi ò sọ pé òun nìkan ló fà á o. Àwọn dókítà fúnra wọn ò tíì mọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà ńbẹ̀."

"Ó jogún ẹ̀ lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ìyá, tàbí bàbá, tàbí àwọn méjèèjì."

"Ìyá kan, bàbá kan ló bí wa, Nọ́ọ̀sì. Ara mi le."

"Ẹ lè ní in, ẹ sì lè má ní in, mà. Ẹni tí kò bá kó kòkòrò yìí lè ní in títí tó fi máa dàgbà darúgbó, kó má mọ̀ rárá."

Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti kọ́ ọ láti kékeré pé kí a máa dúpẹ́. Nígbà tó padà wọ kíláàsì, ọmọbìnrin náà ti kọ èsì rẹ̀ sábẹ́ ìṣirò, ó sì dúró, ó ń retí. Tíṣà wo ojú pátákó. Ó ka nọ́ńbà òkè, ó ka tìsàlẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà gbà á tàbí kò gbà á.

"Jókòó, ọmọ mi," ló rí sọ.

Tíṣà kì í ṣe ìkà èèyàn. Òun ló tọ́ Alábẹ́rẹ́ nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ló bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á sí ibi tí wọ́n ti ń di ìwé. Nígbà tí ìyàwó Alábẹ́rẹ́ sì kú, tí wọ́n sọ fún òun náà pé kòkòrò yìí wà lára rẹ̀, Tíṣà ló mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ó fi í lọ́kàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà. Sójà ara Alábẹ́rẹ́ jẹ́ àádọ́fà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọdún méjì kọjá, kò tíì ju àádóje lọ. Wẹ́dà, ọkùnrin aláriwo kan tó ń jó irin nítòsí ibi iṣẹ́ Alábẹ́rẹ́, ọjọ́ kan náà ni òun àti Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, oògùn kan náà, ìgò kan náà. Sójà tirẹ̀ ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á.

Alábẹ́rẹ́ ní, "Àǹtí mi, Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò náà ti sùn."

Tíṣà kò gbà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Bí èsì bá ti ṣì, ibì kan wà tí ẹni tó ṣe é ti jẹ̀bi. Kò béèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Kí ló fẹ́ béèrè? Ó gba ìgò oògùn, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó sì ní kí Alábẹ́rẹ́ máa wá lo oògùn lójú òun ní agogo méje gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélógójì!

"Lanu. Gbé ahọ́n sókè."

"Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ ka eyín mi ni? Ó ṣì pé."

Síbẹ̀ àwọn sójà kò gbéra. Ni Tíṣà bá sọ pé ó ń lọ bì í síta. Ó tẹ̀ lé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri títí dé etí gọ́tà. Alábẹ́rẹ́ dúró, kò wẹ̀yìn. "Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ ká jọ lọ. Ilẹ̀ ń ṣú." Nígbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ bi Tíṣà léèrè ìdí tí ẹni tó ń lo oògùn fi ń gbẹ lójoojúmọ́, ó ní kí wọ́n bi í léèrè ibi tó ń dà á sí. Òtútù àyà ló gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Tíṣà wí fún un pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ní, "Mo lò ó, Àǹtí mi." Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Tíṣà gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé ọkùnrin náà kì í lo oògùn. Ó gbọ́ ọ, kò sì fèsì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà lọ síbi tí Alábẹ́rẹ́ ti ń di ìwé. Ẹyin lọ̀rọ̀, kì í ṣeé kó bó bá ti fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọ́ ọ sílẹ̀ ilé onílé yẹ kó padà wá nulẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ wà lẹ́yìn tábìlì gígùn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn ìwé ńlá kan. Wẹ́dà náà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ fáànù ló wá gbà.

"Ọ̀gá, mo wá sọ̀rọ̀ kan. Àbúrò mi lo oògùn rẹ̀."

Ọ̀gá gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò lò ó, Tíṣà."

"Mo ṣì í sọ."

"Ó dáa. Kí ló wá pa á?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ó ní kòkòrò sùn, sójà kò jí. Àbí sójà ni kò gbọ́ ìpè. Rárá, ara ni kò gbọ́, ohun kan ló ń pe sójà, etí ara ló wúwo, láti inú ìyá, tàbí bàbá.

"Ẹ dúró ná," ni Ọ̀gá wí. "Ta ló sùn nínú àwọn méjèèjì?"

"Kòkòrò."

"Kòkòrò sùn, sójà ò sùn, Alábẹ́rẹ́ wá kú. Tíṣà, ẹ má bínú o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Ó ti pẹ́ tí Tíṣà ti kórìíra òwe yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, èje ni. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Lónìí, ó yíjú sí Wẹ́dà.

"Wẹ́dà," ló wí, "ìwọ tí o ń lo tìrẹ déédéé, tó o fi sanra báyìí..."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Ó wo ilẹ̀. "Àǹtí Tíṣà, ẹ dákun, ta ló sọ fún yín pé déédéé ni? Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo máa ń gbàgbé. Bí mo bá ti mutí yó, ó di ọ̀la nìyẹn. Nọ́ọ̀sì bú mi títí ó fẹ́ẹ̀ nà mí. Alábẹ́rẹ́ ló ń wá kanlẹ̀kùn mi láràárọ̀ kó tó wọlé síbí. 'Wẹ́dà, o ti lò ó?' Òun ló sọ mí dèèyàn."

"O gbàgbé oògùn, sójà rẹ di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin?"

"Mi ò mọ bó ṣe jẹ́, Àǹtí. Ojú máa ń tì mí bí ẹ bá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún un."

"Alábẹ́rẹ́ mọ̀ pé o máa ń gbàgbé?"

"Ó mọ̀ dáadáa."

Alábẹ́rẹ́ kò sọ fún un rí. Gbogbo ìgbà tí Tíṣà ń pariwo "Wo Wẹ́dà!" sí i létí, ó mọ̀, ó dákẹ́. Orí Tíṣà dàrú pátápátá. Ọ̀gá fà á ní àga, ó jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn ìwé tí kò léèpo.

"A ó wí fún àwọn tó kù," ni Ọ̀gá sọ nígbẹ̀yìn. "Kò yé mi, ṣùgbọ́n a máa wí pé ó lò ó."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tíṣà tọrọ àyè níléèwé, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì wá fáìlì náà títí, ó rí i nínú àpótí àwọn fáìlì tí wọ́n ti pa dé, ó sì ṣí i síwájú rẹ̀ lórí tábìlì kékeré. Ìlà méjì ló ń bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Lábẹ́ kòkòrò, láti oṣù kẹfà, wọ́n kọ: kò hàn, kò hàn, kò hàn, títí dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ sójà, nọ́ńbà kéékèèké tó ń gòkè díẹ̀, tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Tíṣà fi ìka tẹ̀ lé méjèèjì. Ó gbìyànjú kó mú ọ̀kan bá èkejì mu. Kò bára mu. Ó tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò bára mu síbẹ̀.

"Ṣé bí yóò ṣe máa rí nìyí, Nọ́ọ̀sì?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, mà."

Ó ṣí ojú ewé kejì. Ìkọ̀wé tó rí níbẹ̀ rí roboto, ó gún régé. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó mọ̀ pé tòun ni. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń ran aláìsàn lọ́wọ́ ti máa ń kọ ohun tó bá rí, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìlà mẹ́jọ. *Mi ò gbà pé ó ń lò ó. Ó ń purọ́ fún mi. Kò lò ó dáadáa.*

"Ṣé ó rí èyí?"

"Àwọn aláìsàn fúnra wọn ló ń gbé fáìlì láti ibí lọ bá dókítà, mà."

Tíṣà di ojú ewé náà mú bí ẹni fẹ́ fà á ya. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"A kì í ya á, mà. A kì í pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, ìlà kan ló máa fà sórí ẹ̀, kí èyí tó wà lábẹ́ ṣì ṣeé kà. Yóò kọ òtítọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò kọ déètì."

"Bí ẹni tó kọ òtítọ́ náà kò bá mọ ìdí ẹ̀ ń kọ́?"

"Kò síbi tí wọ́n ti ní ká kọ ìdí, mà."

Tíṣà mú bírò láti inú báàgì rẹ̀. Ó fa ìlà kan ṣoṣo sórí ti àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *Ó lò ó.* Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Ó bọ́ sórí èkejì. Lóde, ẹnì kan ń wúkọ́, wọ́n ń pe orúkọ ẹlòmíràn. Nígbà tó dé ìlà kẹfà, bírò náà gbẹ. Nọ́ọ̀sì yọ tirẹ̀ kúrò lápò, ó nà án sí i. Tíṣà gbà á, ó sì ń kọ lọ.